Àkọ̀ Akọ Ẹṣin: Ibi Tí Ojú Wa Kì Í Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gun ẹṣin, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá fẹ́ ju ìpàkọ́, ẹṣin tí ó gùn yóò jù ú fún un. Ọ̀rọ̀ yìí a máa sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ń gun ẹṣin wọn kọjá ní Ojúde Ọba pẹ̀lú ìlù àti ìró ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní Kánò, ìlú tí àjọ UNESCO fi ayẹyẹ Durbar rẹ̀ kún àwọn àṣà ìbílẹ̀ tí ayé ń dáàbò bò ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Gbogbo wa ni a ń wo gàárì, tí a ń wo ìjánu, tí a sì ń wo aṣọ aláràbarà tí wọ́n dà bo ẹ̀yìn ẹṣin. N kò tí ì rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ ikùn rẹ̀.

Abẹ́ ikùn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn yóò sì béèrè pé kí ni ó pa ojú ara ẹṣin pọ̀ mọ́ abala ìlera. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dájọ́. Ẹranko tí kò lè sọ ibi tí ó ń dun òun ni ẹṣin. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí a gbà síṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní ohunkóhun nípa ibí yìí, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í ṣe, ẹṣin a jìyà. Ó sì lè ta àwọn náà nípàá kí egbòogi ilé ìwòsàn tó wá kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí àwọn ìwé ìlera bá sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Awọ kan wà tí ó ká po, tí ó sì bo okó ẹṣin. Inú rẹ̀ ni okó náà ń wọ̀ lọ nígbà tí ẹṣin kò bá lò ó. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ilé idà ni wọ́n ń pe awọ yìí. Èdè tiwa náà kò ṣàìní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àkọ̀ ni a ń pe ilé idà àti ilé ọ̀bẹ. Àkọ̀, nítorí náà, ni n ó máa pè é. Kí ẹ má baà ṣì í kà, ẹ kíyè sí àmì ohùn: akọ tí kò ní àmì kankan ni òdìkejì abo, àkọ̀ tí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ méjèèjì ni ilé idà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ẹ rí ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí ẹ jáwọ́.) Ní ti okó, orúkọ tí ìwé atúmọ̀ èdè fún un nìyẹn. Olóòtú kan ti yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ mi rí, ó sì fi “nǹkan ọkùnrin” rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹṣin kì í ṣe ọkùnrin.

Ohun tí ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019. Àbúrò bàbá mi kan, tí ó ń sin ẹṣin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, “Ìwọ tí o ń túmọ̀ ìwé ìlera, wá bá mi ka ara páálí oògùn kan.” Oògùn apakòkòrò ti ènìyàn ni. Ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀ ni ó rà á, ó sì ti ń tú u sínú èérí bàbà fún ẹṣin náà láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo béèrè ohun tí ó ṣe ẹṣin. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀: “Atọ̀sí ni. Ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Má jẹ́ kí ará ìta gbọ́ o.”

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti pe dókítà ẹranko?”

“Dókítà wo? Ṣé kí n lọ máa sọ fún ẹni ẹlẹ́ni pé ẹṣin mi kó atọ̀sí?”

Ẹṣin òdá ni ẹṣin yìí o, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lódàá kí bàbá tó rà á. Kò gun abo rí láyé rẹ̀. Níbo ni ì bá ti kó o? Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn ro ọ̀rọ̀ já. Ó gba ọjọ́ méjì kí bàbá tó gbà. Dókítà wá, ó fún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ tí ó mú un tòògbé lórí ìdúró, okó rẹ̀ sì rọ̀ jáde. Nínú ihò kan tí ó wà ní orí rẹ̀ ni dókítà ti fi ìka yọ kókó dúdú kan, ó tó awẹ́ obì. Ẹṣin náà tọ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni pé kò ní dáwọ́ dúró mọ́. Ohun tí ó kù tí kò tètè san ni awọ inú àkọ̀, nítorí pé kí oògùn tó dé ni ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ti fi ọṣẹ ìfọṣọ àti kànìnkànìn há a, tí gbogbo ibẹ̀ sì bó. Kókó náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ibi tí ọṣẹ bó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ó máa ń wà nínú àkọ̀ kì í ṣe àìsàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Awọ inú ibẹ̀ ń sun ọ̀rá jáde. Ọ̀rá yìí a pàdé èépá ara tí ó ti kú àti eruku tí ó wọlé láti ibi tí ẹṣin ń sùn sí, gbogbo rẹ̀ a sì di ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní smegma. Ìgbà mìíràn a rọ̀ bí òrí, ìgbà mìíràn a gbẹ bí ìpẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ti eérú tàbí dúdú. Òórùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dára: òun ni ó ń jẹ́ kí awọ rọ̀, kí okó lè máa yọ̀ wọlé, kí ó sì máa yọ̀ jáde láìha ara. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò ṣe ibi kankan ń gbé níbẹ̀, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó burú. Díẹ̀ nínú rẹ̀, nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀gbin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni nígbà tí ó bá pọ̀ jù, pàápàá lára òdá. Akọ tí a fi ń gun abo a máa yọ okó rẹ̀ jáde tán lóòrèkóòrè. Òdá kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa tọ̀ sínú àkọ̀ wọn. Ẹṣin kò sì rí bákan náà. Ọ̀kan lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ohun tí ó yẹ kí a kó kúrò lára rẹ̀, kí àkọ̀ èkejì tí ó wà nínú ilé ẹṣin kan náà sì kún láàárín oṣù díẹ̀.

Ní orí okó ẹṣin, ihò kan yí ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ká. Nínú ihò yìí ni smegma ń wọ̀ sí, tí ó sì ń le koránkorán títí tí yóò fi di kókó. “Ẹ̀wà” ni àwọn atọ́jú ẹṣin ilẹ̀ òyìnbó ń pè é ní èdè wọn. Bí ó bá kéré, ẹṣin kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá tóbi, a máa tẹ ọ̀nà ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìtọ̀ ń pín sí méjì tàbí pé ó ń fọ́n káàkiri. Ẹṣin a na ara rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ̀, nǹkan díẹ̀ ni yóò sì jáde. A máa fi ìdí ha ògiri, a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ikùn ara rẹ̀, a sì lè kọ̀ láti sáré. Ẹni tí ó bá rí ẹṣin tí ó ń tiraka láti tọ̀ tí kò sì rí i ṣe kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó pe dókítà.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti gbọ́ ní ẹnu ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin. Bí akọ ẹṣin bá ń sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí nǹkan sì ń dún gbọ̀nkọ́ gbọ̀nkọ́ nínú àkọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí ni ó kún ibẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé tí ó ń jáde ni ó ń dún, ó sì sábà máa ń jẹ́ àmì pé ẹṣin náà le ara, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lábẹ́ ẹni tí ó gùn ún. Ọṣẹ kò wo ìyẹn.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ti àkọ̀ tí ó bá wú. Kíá ni a ó ti dá a lẹ́bi ẹ̀gbin, tí a ó sì gbé omi. Bẹ́ẹ̀ àkọ̀ lè wú nítorí pé ẹṣin dúró sójú kan pẹ́ jù láìrìn. Ó lè wú nítorí aràn inú tàbí àìjẹunre-kánú. Eṣinṣin sì lè gbé ọmọ aràn wá sí ojú egbò kékeré tí ó wà níbẹ̀, kí egbò náà máa rin, kí ó máa yún ẹṣin. Ní orílẹ̀-èdè wa, ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fi ránṣẹ́, èyí tí kò jẹ́ kí ẹṣin rọ́wọ́ mú ní ilẹ̀ igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a máa mú kí omi pọ̀ sí abẹ́ ikùn àti inú àkọ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin bá ti ń gbẹ tí ó sì ń rù. Ẹni tí ó bá ń fọ àkọ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi àkókò ẹ̀mí rẹ̀ ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn: fífọ̀ àfọ̀jù ń ṣe ẹṣin ní ibi ju àìfọ̀ lọ. Ìran kan wà nínú àwọn olówó ẹṣin tí ó ti ka ìwé díẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbọ́ pé bí a ṣe ń fọ eyín ènìyàn ni ó yẹ kí a máa fọ àkọ̀. Wọ́n ń lo ọṣẹ apakòkòrò, wọ́n ń lo omi tí ó ń fi agbára tú jáde láti inú rọ́bà. Yorùbá ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Níhìn-ín, ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ gan-an ni ó ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn akọ ẹṣin tí wọ́n ń fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ léraléra fi hàn pé àwọn kòkòrò tí kò lárùn nínú ni ó kú, tí àwọn tí ó burú bíi Pseudomonas àti Klebsiella sì wá gba ilé wọn. Omi lásán tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó dára jù.

Àwọn kan yóò ní, kí ni ó dé tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá fi ń fi oògùn apakòkòrò fọ akọ ẹṣin kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé? Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1977, ní ìlú Newmarket ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn ẹṣin eré ìje tí owó wọn ga jù, àwọn abo ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ohun tí kò dára láti ojú ara, wọn kò sì lóyún. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dé Kentucky ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, kòkòrò kan tí a wá ń pè ní Taylorella equigenitalis ni wọ́n bá. Inú smegma akọ ni ó fi ṣe ilé, nínú ihò orí okó àti nínú ìkákò àkọ̀, láìṣe akọ náà ní nǹkan kan. Akọ kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ba oyún ogúnlọ́gọ̀ abo jẹ́. Láti ìgbà náà ni Amẹ́ríkà ti ń béèrè pé kí a yẹ akọ tí ó bá ti àwọn orílẹ̀-èdè tí àìsàn yìí wà wò, kí a sì fi oògùn fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún tẹ̀ léra. Oògùn fún àìsàn tí ó ní orúkọ nìyẹn, dókítà ni ó sì ń ṣe é. Kò jọ ìmọ́tótó àràárọ̀ rárá, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kì í ti í gba abẹ́rẹ́ ibà ní gbogbo òwúrọ̀ nítorí pé ẹ̀fọn wà ní àdúgbò.

Ìdí kan wà síbẹ̀ tí a kò fi gbọdọ̀ gbójú kúrò pátápátá, ìdí náà sì ni jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ awọ lè mú okó àti àkọ̀ ẹṣin, pàápàá ẹṣin tí ó ti dàgbà àti èyí tí awọ ibẹ̀ pọ́n tí kò dúdú. Nígbà àtijọ́, smegma fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí fáírọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EcPV2, tí ó jẹ́ ìbátan fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lára àwọn obìnrin. Ohun tí ojú ń rí ni wọ́ńwọ́ń kékeré, egbò tí ó kọ̀ tí kò jinná, tàbí ẹran tí ó hù bí orí olú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá tètè rí i, dókítà lè gé e kúrò kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí a bá pẹ́, okó ni yóò gé, ó sì lè ti ràn dé abẹ́ itan. Ẹ wá rí i pé wíwò, kì í ṣe fífọ̀, ni ó ń gba ẹṣin là.

Báwo ni ẹni tí ó ní ẹṣin yóò ti ṣe é? Kí ó máa wò ó ní ìgbà kan tàbí méjì lọ́dún. Àkókò tí ó rọrùn jù ni nígbà tí dókítà bá wá wo eyín ẹṣin, nítorí pé oògùn tí ó mú un tòògbé fún eyín a máa jẹ́ kí okó rọ̀ jáde pẹ̀lú, owó abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan a sì ṣe iṣẹ́ méjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra oògùn yìí lọ́jà láti fún ẹṣin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú kan wà nínú wọn tí ó lè mú kí okó akọ má lè padà wọlé mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹṣin jẹ́jẹ́ tí ó ti mọ́ ènìyàn lára, olùtọ́jú lè wọ ìbọ̀wọ́, kí ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká kí ó kọjú sí ìdí ẹṣin, kí ó fi ọwọ́ kan lé e lẹ́yìn, kí ó sì fi òwú tí ó rin fún omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bá wá ni kí ó kó. Ohun tí kò bá wá, kí ó má há a. Bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò ọdún ẹlẹ́ṣin wa kò le. A ń ná owó púpọ̀ lórí aṣọ àti gàárì. Kí wọ́n mú dókítà ẹranko wá kí ọjọ́ ọdún tó dé, kí ó wo ẹ̀jẹ̀, eyín, pátákò àti àkọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Abẹ́òkúta, ní Ìlọrin àti ní Zaria. Kò sí ìdí tí a ó fi sọ pé a kò mọ ibi tí a ó ti rí wọn. Kí wọ́n sì bá àwọn olùtọ́jú ẹṣin sọ ọ̀rọ̀ yìí ní èdè tí ó yé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ní ìhà Gúúsù jẹ́ ọmọ Òkè Ọya. Yorùbá nìkan kò tó, kí a sọ ọ́ ní Hausa pẹ̀lú. Ọmọdékùnrin tí kò mọ orúkọ ibi tí ó wú kò lè ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá tí ojú ń tì kò sì lè ròyìn rẹ̀ fún dókítà. Ibẹ̀ ni àwa atúmọ̀ èdè náà ti jẹ gbèsè. A ti túmọ̀ òfin, a ti túmọ̀ ìwé ìdìbò, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá tí mo lè fi lé ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní alẹ́ tí bàbá pè mí.

Ẹṣin bàbá ṣì wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá ni dókítà máa ń wá wo eyín rẹ̀ báyìí, a sì máa wo àkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó wá kẹ́yìn, kò rí kókó, kò rí egbò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọ ohunkóhun. Inú bàbá kò dùn tó. Ó ní òun san owó lórí ohun tí kò sí níbẹ̀.